Wọ́n Tún Fáíbà Motorhome Yín Ṣe, Ó Tún Là Padà: Kí Ló Ṣẹlẹ̀ Gan-an?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní motorhome, ìyẹn mọ́tò ńlá tó ní bẹ́ẹ̀dì, kíṣíìnì àti balùwẹ̀ nínú, téèyàn lè máa gbé inú ẹ̀ bó ṣe ń rìnrìn àjò, ọ̀rọ̀ yìí ò ní ṣàjèjì sí yín. Ẹ̀yìn mọ́tò kọ lu òpó, tàbí ẹ̀ka igi ya á lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ gbé e fún ẹni tó ní òun mọ̀ ọ́n ṣe, ó dá a padà fún yín, ó ń dán bíi dígí, inú yín dùn. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, ìlà tín-ín-rín kan yọjú. Ìlà yẹn ń gùn sí i díẹ̀díẹ̀ títí tó fi yí gbogbo ibi tí wọ́n tún ṣe po, bí ìgbà tí èèyàn fi bírò fa ìlà yí i ká. Tó bá yá ibì kan á tún wú bí ìléròrò.

Tẹ́ ẹ bá wá béèrè lọ́wọ́ àwọn èèyàn, ẹnì kan á ní fáíbà tó bá ti fọ́ ò ṣe é tún ṣe mọ́, ẹnì kejì á ní kẹ́ ẹ fi pọ́tì sí i, ẹnì kẹta á ní oòrùn ló fà á. Mo fẹ́ ṣàlàyé ẹ̀ débi tó máa yé ẹni tí ò fọwọ́ kan fáíbà rí, torí ó ń dùn mí báwọn èèyàn ṣe ń náwó lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta sórí ibì kan náà. Fáíbà ṣe é tún ṣe. Láti àwọn ọdún 1940 ni wọ́n ti ń fi ṣe ọkọ̀ ojú omi, Chevrolet fi ṣe ara Corvette lọ́dún 1953, àwọn tó mọṣẹ́ sì ń gé e, wọ́n ń lẹ̀ ẹ́, ó sì ń dúró.

Fáíbà yìí, kí ni gan-an?

Ẹ wo òpó kọnkéré. Irin ráàdì wà nínú ẹ̀, sìmẹ́ǹtì sì dì í mú. Sìmẹ́ǹtì nìkan, tí nǹkan bá gbá a, á fọ́. Ráàdì nìkan, á tẹ̀. Ìgbà tí méjèèjì bá wọnú ara wọn ni wọ́n tó lè gbé ilé dúró. Bí fáíbà ṣe rí nìyẹn. Ráàdì tiẹ̀ ni òwú dígí, dígí gidi tí wọ́n yọ́, tí wọ́n fà títí tó fi tín-ín-rín ju irun orí lọ, tí wọ́n wá hun bí aṣọ, tàbí tí wọ́n gé wẹ́wẹ́ tí wọ́n tẹ́ pọ̀ bí ẹní (èyí tí wọ́n tẹ́ pọ̀ yẹn ni wọ́n ń pè ní máàtì). Sìmẹ́ǹtì tiẹ̀ ni rẹ́sìn, oje kan tó ki, tó jẹ́ pé tẹ́ ẹ bá po hádínà, ìyẹn oògùn tó ń mú un gan, mọ́ ọn, ara ẹ̀ á gbóná, á gan, kò sì ní padà di omi mọ́ láéláé.

Awọ òde wà lórí gbogbo ẹ̀, gelcoat ni wọ́n ń pè é. Rẹ́sìn lòun náà, àmọ́ wọ́n ti po àwọ̀ mọ́ ọn, kò sí òwú kankan nínú ẹ̀, kò sì nípọn, bí ìdajì mìlímítà ni. Òun ló ń dán, òun ló ń gba oòrùn àti òjò sára, ṣùgbọ́n kò lágbára láti gbé nǹkan kan dúró.

Ó ku pọ́tì, èyí táwọn páńẹ́ẹ̀lì bítà fi ń dí ojú mọ́tò. Ìyẹ̀fun ni wọ́n pò mọ́ rẹ́sìn, ráàdì ò sí nínú ẹ̀. Tá a bá padà sórí òpó wa, pọ́tì ni pílásítà. Ta ló máa rí òpó tó kán, tó máa rẹ́ pílásítà sí i, tó sì máa ní òun ti tún un ṣe? Ohun tí wọ́n ṣe fún ọ̀pọ̀ motorhome gẹ́lẹ́ nìyẹn.

Ṣé bákan náà ni gbogbo ara motorhome?

Rárá o, ohun tó sì ń da ọ̀pọ̀ èèyàn rú nìyí. Iwájú àti ẹ̀yìn, ibi tó rí roboto, sábà máa ń jẹ́ fáíbà tí wọ́n fi móòdù (ohun tí wọ́n ń da nǹkan sí kó lè gba bátànì ẹ̀) ṣe, ó nípọn díẹ̀, ó sì dá dúró fúnra ẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ tó tẹ́ pẹrẹsẹ yàtọ̀. Nínú ọ̀pọ̀ motorhome, tẹ́ ẹ bá gé ẹ̀gbẹ́ yẹn wò, ẹ máa rí i pé ó lé ara wọn bí ojú ewé ìwé: fáíbà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ níta, plywood tín-ín-rín lẹ́yìn ẹ̀, fóòmù láàárín, plywood míì sápá inú ilé. Gọ́ọ̀mù ló di gbogbo wọn mú.

Iwájú àti ẹ̀yìn máa ń là torí nǹkan gbá a tàbí torí ó ń gbọ̀n lójú ọ̀nà. Ẹ̀gbẹ́ ní tiẹ̀, omi lọ̀tá ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí i tí ẹ̀gbẹ́ wú gbàgàdà, tó ń mì tẹ́ ẹ bá fọwọ́ tì í, ó lè jẹ́ pé fáíbà yẹn ò tiẹ̀ fọ́ rárá, plywood ẹ̀yìn ẹ̀ ló ti jẹrà tí gọ́ọ̀mù fi jáwọ́. Téèyàn bá wá fi pọ́tì dí ibi tó wú yẹn, a jẹ́ pé ó fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé iṣẹ́ tí wọ́n ṣe ò dáa?

Ẹ mú owó ẹyọ kan, kẹ́ ẹ máa fi kàn án wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tẹ́ ẹ mọ̀ pé ó dáa kẹ́ ẹ máa bọ̀ wá síbi tí wọ́n tún ṣe. Ibi tó dáa á dún kó-kó-kó, ohùn ẹ̀ á le. Ibi tí nǹkan ti ṣí kúrò lára ara wọn, tàbí tí pọ́tì pọ̀ sí, ohùn á rẹlẹ̀, á máa dún pù-pù bí ìgbà téèyàn ń kan páálí. Ẹ fi táàpù bébà sàmì síbi tí ohùn ti yí padà. Ó máa ń ya èèyàn lẹ́nu bí ibẹ̀ ṣe máa ń tóbi tó ju ohun tí ojú rí lọ.

Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. Tó bá ń wọlé, àwọn ráàdì wa ò sí níbẹ̀. Ẹ wọnú mọ́tò, ẹ ṣí kọ́bọ́ọ̀dù tó wà lẹ́yìn ibẹ̀, ẹ fọwọ́ pa ògiri, ẹ gbóòórùn ẹ̀. Òórùn bí aṣọ tí wọ́n ká nígbà tí ò tíì gbẹ, omi ni.

Ẹ wo irú ìlà tó là náà. Tó bá jẹ́ pé etí ibi tí wọ́n tún ṣe ló tẹ̀ lé, ohun tí wọ́n fi dí i ò lẹ̀ mọ́ ara àtijọ́. Tó bá fọ́n ká bí okùn aláǹtakùn láti ojú kan, nǹkan gbá a níbẹ̀, tàbí ohun kan lẹ́yìn ibẹ̀ ń tì í síta. Tí ojú ẹ̀ bá ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, rẹ́sìn ò gan.

Kí ni wọ́n ṣe tó fi bàjẹ́?

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Igun ẹ̀yìn lápá òsì ni, wọ́n ti tún un ṣe kí n tó ra mọ́tò náà, mi ò sì mọ̀. Lọ́jọ́ tí ìlà yọ níbẹ̀, mo ki ẹnu ọ̀bẹ bọ etí ẹ̀, mo rọra gbé e sókè, odindi pọ́tì yẹn sì ṣí kúrò bí ìdérí ìkòkò, ó tóbi tó àtẹ́lẹwọ́ mi. Mo dà á dé. Ẹ̀yìn ẹ̀ ń dán! Ó ń dán torí gelcoat àtijọ́ tí wọ́n lẹ̀ ẹ́ lé lórí ṣì ń dán, pọ́tì yẹn sì gba àwòrán ẹ̀ bí móòdù. Wọn ò fi sáńdípépà kàn án rárá. Abẹ́ ẹ̀ ni mo ti wá rí ihò gan-an, òwú dígí tó ti já ń yọ ṣágiṣàgi, ẹnì kankan ò tọ́jú ẹ̀.

Ohun àkọ́kọ́ nìyẹn: rẹ́sìn ò lè di ojú tó ń jọ̀lọ̀ mú, ó fẹ́ ojú tó ha. Ìkejì, ìdọ̀tí tí ojú ò rí, pàápàá wáàsì tí wọ́n fi ń dán mọ́tò àti sílíkóònù tí wọ́n fi yí wíńdò ká. Ẹ̀tàn tó wà níbẹ̀ ni pé tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ fi sáńdípépà kó tó di pé ẹ fọ̀ ọ́, ńṣe lẹ ń ti wáàsì yẹn wọnú ojú tó ha lọ. Ẹ kọ́kọ́ fọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ tó lọ̀ ọ́. Àkísà méjì la fi ń ṣe é, ọ̀kan ń fi oògùn tó ń yọ wáàsì nù ún, èkejì tó gbẹ ń tẹ̀ lé e kíá kó tó gbẹ sójú.

Ìkẹta ni hádínà. Ti rẹ́sìn polyester, oríṣi rẹ́sìn tí wọ́n fi ṣe ọ̀pọ̀ motorhome, MEKP lorúkọ ẹ̀, ìwọ̀n tó sábà máa ń gbà jẹ́ gíráàmù 1 sí 2 fún rẹ́sìn gíráàmù 100. Tó bá kéré jù, rẹ́sìn ò ní gan délẹ̀. Tó bá pọ̀ jù, á gan kíákíá, á gbóná rékọjá, á wá gbẹ débi tí á fi máa là. Ẹni tó ń fojú wọ̀n ọ́n ń tàn yín jẹ ni o. Ẹ lo síkéèlì, kẹ́ ẹ sì ka ohun tí wọ́n kọ sára agolo torí ti ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan lè yàtọ̀. Nígbà òtútù ẹ wò ó dáadáa, láàárín 15 sí 25 lórí ìwọ̀n Celsius ni ara ẹ̀ ti máa ń yá.

Ìkẹrin, etí tó gé ṣáká. Ìyẹn gba àlàyé tiẹ̀ nísàlẹ̀.

Ṣé mi ò lè kàn fi òmíràn lé e lórí?

Ẹ má ṣe é. Ohunkóhun tẹ́ ẹ bá fi lé orí ohun tí ò lẹ̀, tòun ti ohun tí ò lẹ̀ yẹn ni wọ́n á jọ ṣí. Gbogbo pọ́tì, gbogbo rẹ́sìn tí ò gan, gbogbo òwú tó ti funfun tó sì gbẹ, ẹ yọ gbogbo ẹ̀ títí dé ibi tí fáíbà ti le tí ohùn ẹ̀ sì ti dún dáadáa. Ihò náà máa tóbi ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, ọkàn yín á fẹ́ pami, mo mọ̀ ọ́n lára. Ó gbọ́dọ̀ tóbi.

Gíráǹdà pẹ̀lú sáńdípépà 36 tàbí 40 (bí nọ́ńbà bá ṣe kéré tó ló ṣe ń ha tó) ló yá jù fún iṣẹ́ yìí, kẹ́ ẹ wá fi 80 parí ẹ̀. Eruku ẹ̀ ò dáa rárá, dígí ni. Ẹ wọ ìbòmú gidi tó ní fílítà, kì í ṣe aṣọ tí wọ́n so mọ́ imú, ẹ wọ aṣọ tó bo apá, kẹ́ ẹ sì wọ gọ́gùlù. Tó bá dórí rẹ́sìn, fílítà tó ń gba eruku nìkan ò tó mọ́, ẹ nílò èyí tó ń gba òórùn kẹ́míkà. Ní ti MEKP, mi ò fẹ́ fi ọ̀rọ̀ bò ó: tó bá ta sójú, ó lè fọ́ ojú. Ẹ má yọ gọ́gùlù torí pé ẹ fẹ́ po rẹ́sìn díẹ̀ péré. Ẹ má sì jẹ́ kó pàdé acetone, omi tí wọ́n fi ń fọ rẹ́sìn kúrò lára bọ́rọ́ọ̀ṣì, nínú agolo, torí ó lè gbiná.

Omi ńkọ́?

Bí iná ò bá tán lórí, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Tí plywood ẹ̀yìn fáíbà bá tutù, ẹ ò gbọ́dọ̀ pa á dé. Ẹ wá ibi tí omi ń gbà wọlé, ó sì lè jìnnà síbi tó ti bàjẹ́, torí omi á gba etí òrùlé wọlé, á ṣàn wá sílẹ̀ nínú ògiri, ibi tó bá ti rí àyè ni á jókòó sí. Etí wíńdò, ihò ìdè, ẹsẹ̀ àkàbà ẹ̀yìn, iná ẹ̀yìn, orí òrùlé, ẹ yẹ gbogbo ẹ̀ wò. Ẹ gé plywood tó ti jẹrà kúrò pátápátá. Èyí tó kàn tutù, ẹ jẹ́ kó gbẹ, fáànù àti sùúrù ni, ó lè gba ọ̀pọ̀ ọjọ́. Tẹ́ ẹ bá ń dá wíńdò tàbí iná padà, táàpù butyl, ìyẹn táàpù rírọ̀ tó ń lẹ̀ tó sì ń dí omi, la fi ń tẹ́ ẹ̀yìn ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fi sílíkóònù, torí ẹni tó bá fẹ́ tún ibẹ̀ ṣe lọ́la máa jìyà, nǹkan kan ò ní lẹ̀ mọ́ ojú tó bá ti kàn.

Báwo la ṣe ń dí ihò náà kó má là mọ́?

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ so okùn méjì pọ̀ kó lágbára, ẹ ò ní fẹnu ko ẹnu kẹ́ ẹ wá fi gọ́ọ̀mù kán an. Ẹ máa jẹ́ kí wọ́n gun ara wọn dáadáa. Ohun tí fáíbà fẹ́ náà nìyẹn. Ẹ ò ní fi etí ihò sílẹ̀ bí ògiri, ńṣe lẹ máa lọ̀ ọ́ kó dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, bí etí àwo tó fẹjú. Ìwọ̀n tó wọ́pọ̀ ni 12 sí 1: tí fáíbà bá nípọn tó mìlímítà 3, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn gbọ́dọ̀ gùn tó mìlímítà 36 yí ihò náà ká, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó sẹ̀ǹtímítà 4. Etí tó gé ṣáká, òwú tuntun àti òwú àtijọ́ kàn forí korí ni, gbogbo ìgbọ̀nrìrì mọ́tò á sì wá bá ìlà yẹn. Ìdí tí ìlà fi ń yí ibi tí wọ́n tún ṣe po nìyẹn.

Tí ihò bá là já sẹ́yìn, ó nílò ohun tó máa gbé e. Tọ́wọ́ bá dé ẹ̀yìn, ẹ lẹ máàtì láti inú. Tọ́wọ́ ò bá dé ibẹ̀, ẹ ṣe fáíbà pẹlẹbẹ kan tó tóbi díẹ̀ ju ihò lọ, tó ṣe é tẹ̀, ẹ fi wáyà gbà á láàárín, ẹ rọra yí i gba ihò wọlé, ẹ fi rẹ́sìn tó ki sí etí ẹ̀, kẹ́ ẹ fi wáyà yẹn fà á mọ́ra sí yín títí tí á fi gan. Ẹ wá gé wáyà.

Ẹ gé máàtì yín lóríṣiríṣi ìwọ̀n, láti èyí tó kún gbogbo gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ títí dé èyí tó ṣe rẹ́gí ihò. Èmi máa ń fi èyí tó tóbi jù ṣáájú, torí òun ló fara kan ara àtijọ́ jù lọ. Máàtì gíráàmù 450 (bó ṣe wúwo tó nìyẹn fún mítà kan níbùú àti lóròó), ọ̀kan ẹ̀ á fún yín ní nǹkan bíi mìlímítà 1, torí náà mìlímítà 3 gba bíi mẹ́ta. Ẹ fi rẹ́sìn kun ara mọ́tò kẹ́ ẹ tó tẹ́ máàtì, ẹ máa fi bọ́rọ́ọ̀ṣì gún un, kì í ṣe pé kẹ́ ẹ máa fà á, títí tí funfun ẹ̀ á fi tán tí ẹ máa rí abẹ́ ẹ̀. Ibi tó bá ṣì funfun, afẹ́fẹ́ ló wà níbẹ̀. Ẹ fi rólà kékeré tì í jáde. Tí ihò náà bá jìn, ẹ má tò ó kún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ooru á pọ̀ jù, á sì ká sókè.

Polyester àbí epoxy?

Ìbéèrè yìí ló máa ń dá ìjà sílẹ̀ jù. Polyester ni wọ́n fi ṣe ọ̀pọ̀ ara motorhome, kò wọ́n, ó ń tètè gan. Epoxy, tó jẹ́ oríṣi rẹ́sìn míì, ń lẹ̀ ju ìyẹn lọ, pàápàá mọ́ ohun àtijọ́ àti mọ́ igi. Ohun tẹ́ ẹ máa mọ̀ ni pé epoxy máa ń lẹ̀ dáadáa sórí polyester tó ti gan, àmọ́ polyester ò fi bẹ́ẹ̀ fẹ́ràn orí epoxy, bẹ́ẹ̀ sì ni gelcoat náà, torí polyester lòun náà. Tẹ́ ẹ bá lo epoxy, ọ̀dà lẹ máa fi parí ẹ̀. Máàtì tí wọ́n gé wẹ́wẹ́ náà, ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀ ní gọ́ọ̀mù tó jẹ́ pé inú polyester nìkan ló ti ń yọ́, inú epoxy á le gbagidi, kò ní tẹ̀. Aṣọ dígí tí wọ́n hun ni kẹ́ ẹ lò pẹ̀lú epoxy.

Ihò kékeré níwájú tàbí lẹ́yìn, tẹ́ ẹ fẹ́ kó parí sí gelcoat, mo fara mọ́ polyester. Ibi tó kan plywood, epoxy ni tèmi.

Báwo ni ojú ẹ̀ ṣe máa dọ́gba?

Ìgbà yìí ni pọ́tì tó wúlò, fẹ́lẹ́ báyìí, láti dí ojú kéékèèké. Àwọn ìlà aláǹtakùn inú gelcoat náà, ẹ gbẹ́ wọn kí ẹnu wọn yà díẹ̀ kẹ́ ẹ tó fi gelcoat dí i. Tẹ́ ẹ bá kàn kùn ún lórí, wọ́n á padà wá.

Gelcoat kì í gan pátápátá lójú tí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́ sí i, ó máa ń lẹ̀. Ẹ fi láílọ́ọ̀nù tó jọ̀lọ̀ bò ó, tàbí kẹ́ ẹ lo èyí tí wọ́n ti po wáàsì mọ́. Ẹni tí ò mọ èyí á rò pé hádínà ló kù, á tún wá fi kún un. Tó bá ti gan, sáńdípépà pẹ̀lú omi ló kù, láti 400 sí 600, 800, 1000, dé 1500 tàbí 2000, kẹ́ ẹ wá fi compound, ìyẹn ọṣẹ tí wọ́n fi ń dán ara mọ́tò, dán an. Ẹ ò gbọ́dọ̀ fo ọ̀kan.

Ní ti àwọ̀, ẹ má ra funfun tí wọ́n ní wọ́n fi ṣe mọ́tò náà nígbà tó jáde. Oòrùn ti yí tiyín padà. Ẹ kọ́kọ́ dán ara àtijọ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, kẹ́ ẹ wá po àwọ̀ kó bá èyí tó jáde lábẹ́ ẹ̀ mu, kẹ́ ẹ fi tọ́ọ̀lẹ̀ kan wò ó nínú oòrùn kó tó di pé ẹ kùn ún.

Ìgbà wo ló yẹ kí n gbé e fún ẹni tó mọ̀ ọ́n?

Tí ẹ̀gbẹ́ bá wú ju bí ìwọ̀n ìlẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù lọ, tí irin tàbí igi inú ògiri bá ti jẹrà, tàbí tẹ́ ẹ bá fẹ́ fọ́n ọ̀dà oní-hádínà sí i, torí kẹ́míkà kan tó ń jẹ́ isocyanate tó wà nínú ọ̀dà yẹn ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, ìbòmú lásán ò tó fún un. Kẹ́ ẹ tó fún onítọ̀hún lówó, ẹ bi í pé báwo ló ṣe máa lọ etí ihò náà, máàtì mélòó ló máa lò, polyester ni àbí epoxy, ibo ló rò pé omi ti ń wọlé. Kẹ́ ẹ wá ní kó ya fọ́tò fún yín lẹ́ẹ̀mejì kó tó fi pọ́tì bò ó: lẹ́yìn tó bá lọ̀ ọ́ tán, àti lẹ́yìn tí máàtì bá gan. Nínú fọ́tò àkọ́kọ́, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn lẹ máa wò. Nínú èkejì, ẹ wá funfun.